Àwọn Ìwé Ìyàwó Mi Lórí Àjà Ààrò

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi yá bírò mi, kò sì dá a padà. Kì í ṣe ohun tuntun. Mo ń fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ìròyìn ọlọ́jọ́ mẹ́rin tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, ó kàn na ọwọ́, ó fa bírò náà yọ láàárín ìka mi bí ẹni ń fa eegun yọ lára ẹja, ó ní òun fẹ́ kọ nǹkan kan sílẹ̀ kí òun tó gbàgbé. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ lọ wá tirẹ̀. Ó ní tòun ti sọnù. Mo bi í pé èwo nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo rà fún un ni ó sọnù. Ó kọ ohun tí ó fẹ́ kọ sí ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó ká a sí méjì, ó sì kọjá lọ sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó ní ó rẹ òun díẹ̀. Ó lọ dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá, inú ṣì ń bí mi nípa bírò náà. Mo mọ̀ pé kò yẹ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ìwé ṣe wọ inú ilé wa. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní yunifásítì kan ní ìlú òkè, èyí tí kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n dá a sílẹ̀. Katakata ṣì ń tú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí mo ti ń kọ́ wọn ní kẹ́místírì, eruku pupa sì máa ń bà sórí ìgò gbogbo. Ìyàwó mi ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ṣùgbọ́n kò gbé ilé tí omi kò sí lábẹ́ rẹ̀ rí. Wọ́n fún wa ní ilé olókùúta kan láàárín ilé àwọn olùkọ́ yòókù. Àwọn ìyàwó olùkọ́ ní ẹgbẹ́ tiwọn, òyìnbó àti ènìyàn dúdú, wọ́n máa ń mu tíì ní agogo mẹ́rin, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé bí ẹni ń ṣe ìjọba. Wọ́n fi ìyàwó mi ṣe akọ̀wé nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó fi wà nípò náà.

Láti ìgbà náà ni kò ti ju ìwé kankan nù mọ́. Ó ní ìwé ìpàdé, ó ní ìwé ìkésíni, ó ní àwòrán bí a ṣe ń tò tábìlì bí àlejò bá pọ̀. Ó ní ẹ̀dà lẹ́tà márùn-ún tí ó kọ sí ọ́fíìsì tí ń bójú tó ilé nípa òrùlé tí ń jò, tí ìkejì le ju ìkíní lọ, tí ìkarùn-ún kò sì ṣeé kà níwájú ọmọdé. Ó ní ìwé ìkìlọ̀ tí ọ́fíìsì kan náà fi ránṣẹ́ sí i pé kí ó yé yan ẹja lẹ́yìn ilé, nítorí èéfín rẹ̀ ń wọ ilé àwọn aládùúgbò. Ó sì ní èsì tí ó fún wọn, ojú ewé mẹ́rin, níbi tí ó ti béèrè bóyá kí òun máa yan án nínú yàrá.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, a padà sílé, sí etí omi wa níhìn-ín ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, a sì kọ́ ilé sórí òpó bí ti gbogbo ènìyàn. Páálí mọ́kànlá ni ìwé rẹ̀ kún nígbà tí a kó dé. Ní àkókò òjò àkọ́kọ́, ó fọwọ́ kan páálí kan, ọwọ́ rẹ̀ wọlé bí ìgbà tí ó wọ inú ẹ̀kọ. Ó pe àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, àwọn méjèèjì kó gbogbo ìwé náà gun orí àjà tó wà lókè ààrò tí ó ti ń yan ẹja àti edé.

Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń kó ohun tí wọn kò fẹ́ kó bàjẹ́ sí: irúgbìn, iyọ̀, ìwé ìrìbọmi, ìwé tí ilẹ̀ fi jẹ́ ti ẹni. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó bí mi nínú pé kí ìwé ìpàdé yunifásítì máa rùn bí ẹja. Mo sọ fún un pé èéfín ní ásíìdì nínú, pé yóò jẹ ìwé náà díẹ̀díẹ̀. Mo tilẹ̀ yàwòrán rẹ̀ sórí bébà fún un. Ó gba àwòrán náà, ó wò ó, ó sì fi í sínú ìwé rẹ̀.

Bí ó ṣe tò wọ́n gan-an ni ìyọnu. Kò tò wọ́n ní ọdọọdún, kò sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ inú wọn. Ó tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mú un bínú. Ìdì kan jẹ́ ti ọ́fíìsì tí ń bójú tó ilé. Ìdì kan jẹ́ ti obìnrin òyìnbó kan tí ó fi ọdún méjì pè é ní orúkọ ẹlòmíràn. Ìdì kan jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá jẹun nílé wa ní ọjọ́ Àìkú tí wọn kì í fọ àwo. Okùn àwọ̀n ni ó fi di ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì kọ nǹkan kan sí ara wọn, ó ní òun mọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n ṣe ìwé atọ́ka fún un. Ó ní rárá. Mo wá tọ́ka sí ìdì tí ó sanra jù, mo bi í pé ta ni ó ni èyí.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, obìnrin kan láti ilé ìkàwé yunifásítì náà wá bá wa. Wọ́n fẹ́ ìwé àwọn ènìyàn tí wọ́n wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti ní ìwé àwọn ọkọ tó. Ìwé àwọn ìyàwó ni kò sí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni ó wọ̀ wá, ẹ̀rù omi sì bà á tó bẹ́ẹ̀ tí kò bọ́ ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó fi jókòó nínú pálọ̀ wa, tí ó ń jẹ edé. Mo rò pé yóò béèrè ìwé tèmi náà. Kò béèrè. Ìyàwó mi sọ fún un pé òun kò lè fún wọn nísinsìnyí, òun ṣì ń lò wọ́n. Ó wá ní, "Bí mo bá kú, ẹ wá kó wọn. Ọkọ mi á tọ́jú wọn dè yín." Kò wo ojú mi kí ó tó sọ ọ́. Bí ó ṣe fi mí dúró nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, lẹ́tà dé láti ilé ìkàwé náà. Wọ́n kẹ́dùn dáadáa, wọ́n sì to ìmọ̀ràn sí ìsàlẹ̀: kí n kó ìwé náà kúrò níbi iná, kí n má jẹ́ kí èéfín tàbí kòkòrò dé ibẹ̀, kí n fi wọ́n sínú àpótí tó dé dáadáa títí wọn yóò fi wá. Inú mi dùn, ìtìjú wà nínú ìdùnnú náà, nítorí pé ohun tí mo ti ń sọ fún ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n sọ. Ọmọ mi obìnrin ra àpótí irin kan, ó gun àjà, ó kó wọn sọ̀kalẹ̀. Mo fi láílọ́nù wé ìdì kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sínú àpótí náà, mo dé e, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Àbúrò ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo gbogbo rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kọjá lẹ́bàá àpótí náà tí ọkàn mi balẹ̀. Mo gbà pé ohun kan ṣoṣo tí ó fi lé mi lọ́wọ́, mo ń ṣe é bó ṣe yẹ.

Nígbà tí ilé ìkàwé fi fóònù sọ pé wọn yóò dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo ṣí àpótí náà láti kọ iye ìdì tí ó wà níbẹ̀. Òórùn tí ó jáde kì í ṣe ti ẹja. Omi ti kán sí inú ìdérí, àwọn ìdì òkè ti rọ̀, ohun funfun kan sì ti hù sí etí wọn bí irun ọmọ ológbò. Wọ́n ti bu, bí búrẹ́dì tí a gbàgbé ṣe ń bu. Àwọn ojú ewé tí ó wà láàárín ti lẹ̀ mọ́ra. Mo jókòó sórí àpótí pákó kan tí ó ṣófo, mo sì bínú sí ilé ìkàwé, mo bínú sí òjò, mo bínú sí ọmọ mi tó ra àpótí tó dé jù, mo wá bínú sí ìyàwó mi tí ó ní kí n tọ́jú nǹkan tí òun nìkan mọ bí a ṣe ń tọ́jú.

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni oòrùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo sá ìdì kan sórí afárá pákó iwájú ilé, mo fi òkúta àti bàtà mi méjèèjì tẹ̀ wọ́n. Atẹ́gùn òkun kò bìkítà fún bàtà. Ó gbé ojú ewé kan, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e lé omi. Obìnrin kan tí ń wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ láti ìlú Zion Pepe fi àjẹ̀ gbé e, ó sún mọ́ afárá, ó nà án sí mi. Ó ti kà á.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n padà tún òrùlé náà ṣe bí?"

Mo ní wọn kò tún un ṣe. Ó mi orí, ó ní wọn kò ní tún un ṣe láé, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí òjò dé.

Mo kó ohun tó kù wọlé, mo tẹ́ wọn sórí ibùsùn, mo ń fi abẹ tí kò mú ya ojú ewé kúrò lára ara wọn. Nínú èyí ni mo ti tú ìdì tèmi. N kò gbèrò láti kà á, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè ya ìwé kí ojú rẹ̀ má bọ́ sí i. Mo rí ìwé ìpàdé kan tí ó fún mi pé kí n wò kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Mo ti fi yínkì pupa tún gbogbo rẹ̀ ṣe, bí ìwé ìdánwò, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣírí kúkúrú sí ìsàlẹ̀. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣírí mi ni ó kọ tirẹ̀ sí: "Ọkọ mi ti fún mi ní máàkì. Kò bi mí bóyá mo fẹ́ ṣe ìdánwò." Mo rí ìwé mìíràn nípa àlejò kan tí ó bi í, nídìí oúnjẹ, bí a ṣe ń dẹ àwọ̀n edé, èmi ni mo dáhùn. Mo rántí ọjọ́ náà. Ìdáhùn mi kò tilẹ̀ tọ̀nà.

N óò sọ òtítọ́. Mo rò ó pé ìdì mọ́kànlélógún ni, kò sí ẹni tí ó kà wọ́n yàtọ̀ sí èmi, òjò sì ti pèsè àwáwí sílẹ̀. Bí mo bá ní ìdì tèmi bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ta ni yóò jiyàn? Mo gbé e síhìn-ín, mo gbé e sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó ní kí n tọ́jú èyí tó bá wù mí. Mo dá a padà sáàárín àwọn yòókù, inú ń bí mi sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àbúrò rẹ̀ wọlé, pẹ̀lú àwo edé lórí. Gbogbo etí omi ló ń pè mí ní Tíṣà. Kò sí ẹni tí oyè yunifásítì mi jọ lójú. Òun a máa fi ẹ̀gbọ́n kún un, nítorí àpọ́nlé. Ó dúró, ó wo ibùsùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ilé ìwé wo ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn pé àpótí tí a dé lórí omi kì í làágùn?"

Mo bi í pé nígbà tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wò mí, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ bi mí ni?"

N kò bi í. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi dáná sí ààrò náà, kí a dá wọn padà sí orí àjà. Ó gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kì í ṣe àjà ni ó gbẹ́ ìwé, iná ni. Pé ẹ̀gbọ́n òun yan nǹkan ní ọjọ́ kejì-kejì fún ọdún mẹ́rìnlá, bí kò tilẹ̀ sí ẹja tó pọ̀ tó, nítorí ìwé wọ̀nyẹn. Èmi tí ń jẹ ẹja náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó kàn fẹ́ràn ẹja yíyan ni.

Ó ní òun kò lè dáná fún mi. Edé ti jáde, ààrò tòun kún, bí òun bá fi í sílẹ̀ yóò jó. Nígbà tí mo tún fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ó ní, "Kò sọ pé èmi ni n óò tọ́jú wọn. Ẹ̀yin ló dárúkọ." Lẹ́yìn náà ni ó wá là á yé mi ní gbólóhùn mélòó kan, bí ẹni ń rán ènìyàn níṣẹ́: kí n má lo kẹrosíìnì, kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí igi di ẹ̀yinná, kí n wá fi èèpo àgbọn tó tutù díẹ̀ bò ó, kí ọwọ́ iná má ṣe yọ rárá. Bí ọwọ́ iná bá yọ, ó ní, kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé.

Mo fi fóònù pe obìnrin ilé ìkàwé náà kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé n kò fẹ́ ṣe é ní kọ̀rọ̀. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mo sì sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó wá fi ìbọ̀wọ̀ béèrè bóyá èéfín kò ní ba ìwé náà jẹ́.

Mo ní, "Ọmọ mi, ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n lò nínú èéfín. Oṣù mẹ́ta tí mo fi tẹ̀lé lẹ́tà yín ni wọ́n fi bu."

Ó ní kò burú. Ó ní àwọn yóò wá àyè tí ìwé náà yóò ti máa rùn bí ẹja.

Ní ọjọ́ kìíní, iná tí mo dá jó dáadáa. Ìyẹn ni àléébù rẹ̀; ọwọ́ iná ga tó orúnkún mi, mo sì da omi sí i kí n tó gbé ìwé kankan gòkè. Ní ọjọ́ kejì, mo fi èèpo àgbọn bò ó kánkán jù, ó kú, ó fi èéfín sílẹ̀ sí mi lójú. Àbúrò rẹ̀ pariwo láti ojú fèrèsé tirẹ̀ pé ṣé mò ń yan ara mi ni. Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ń sọ ohun tí iná jẹ́ fún wọn. N kò dá ọ̀kan ṣoṣo tí ènìyàn lè lò rí.

Ní ọjọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ ní kété tí ilẹ̀ mọ́. Mo fi igi mẹ́rin péré sí i, mo jókòó tì í títí wọ́n fi fọ́ wẹ́wẹ́ fúnra wọn, tí wọ́n pọ́n tí wọn kò jó mọ́. Mo fi èèpo àgbọn kan lé e, mo dúró. Mo fi ìkejì lé e. Èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ kan gòkè, kò yára, ó sì gba àárín pákó àjà kọjá. Mo na ọwọ́ sókè láti mọ bí ooru náà ṣe tó. Ó dà bí ooru ara ènìyàn. Mo wá gun àkàsọ̀ náà, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan bí àgbà, mo tẹ́ ìwé náà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìdì mọ́kànlélógún, mo sì sọ̀kalẹ̀ lọ máa bu èèpo sí i.

Nígbà tí ó di ọ̀sán, mo gun òkè lẹ́ẹ̀kan sí i, mo fọwọ́ kan èyí tó wà létí. Kò rọ̀ mọ́. Mo gbọ̀n ọ́n, ó sì dún.